Afẹ́fẹ́ Ni Sódìq Kà sí Iṣẹ́ Irin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ pa á tì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n ju gbogbo ayé lọ.

1. Sódìq ń gbé yàrá kan ní Ìgàndó, ó ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì. Ó ń po irin mọ́ oògùn nínú omi, irú èyí tí wọ́n lè fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ kí àwòrán inú ara rẹ̀ lè hàn kedere. Ẹ̀rọ òòfà ni wọ́n fi ń dán an wò. Ẹ̀rọ yẹn á da omi láàmú díẹ̀, á wá ka bó ṣe pẹ́ tó kí ara omi tó padà balẹ̀. Bí oògùn onírin bá dára, kíá lara omi á balẹ̀.

Àmọ́ afẹ́fẹ́ inú omi náà máa ń mú kí ara rẹ̀ tètè balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ gáàsì sínú omi, kó lé afẹ́fẹ́ jáde kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

2. Fàdìlàt, ọmọbìnrin kan láti àdúgbò Baruwa, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́ta gbáko! Nígbà tí wọ́n wọn omi lásán tí wọ́n fẹ́ fi ṣàfiwé, wọ́n lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó kan omi onírin, gáàsì tán. Sódìq ò dúró. Ó wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ara omi balẹ̀ kíákíá, lọ̀gbẹ́ni bá fò sókè.

"Sódìq, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú eléyìí o. Jẹ́ ká dúró de gáàsì, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni."

"Ìpàdé àwọn onímọ̀ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án! Afẹ́fẹ́ kékeré wo?"

"Afẹ́fẹ́ kékeré náà lo ń mí yẹn, jàre."

"Ìlara ló ń ṣe ẹ́. Ta ló ni iṣẹ́?"

"Mo rò pé àwa méjèèjì ni."

"Èmi ni!"

Ó yọ orúkọ ọmọbìnrin náà kúrò nínú ìwé tó fẹ́ kà ní ìpàdé. Fàdìlàt fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí sórí tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ.

3. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Sódìq ní ìpàdé. Ó gbé fọ́tò sórí wásáàpù: "Èmi àti Ọlọ́hun mi nìkan." Ìwọ nìkan, àbí?

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn kan tún iṣẹ́ náà ṣe níbòmíràn. Wọ́n lé afẹ́fẹ́ jáde nínú omi méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó fi ń yangàn fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Ọ̀gá rẹ̀ pè é.

"Ṣé o lé afẹ́fẹ́ inú omi onírin?"

"Gáàsì ló tán, sà."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ?"

"Ẹnìkan sọ ọ́, sà."

"Ibo lẹni náà wà?"

Wọ́n fagi lé ìwé náà, wọ́n ní kó tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

4. Báyìí, òun nìkan ló ń di ìgò mú, òun nìkan ló ń ṣọ́ gáàsì. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìgbọ́ ohùn ẹnì kankan àfi ti ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan, ó pe Fàdìlàt.

"Fàdí, òótọ́ lo sọ. Wá bá mi ṣe é."

"Bùọ̀dá Sódìq, mo ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Bùọ̀dá! Sà! Ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fọ́dún mẹ́ta! Ó ṣì gbé fóònù sétí lẹ́yìn tó ti já.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá fi ihò inú iṣẹ́ yín hàn yín kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ má lé e lọ torí àtẹ́wọ́ ọjọ́ kan. Àwọn àgbà ò purọ́: ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.