Ilẹ̀kùn Tó Ń Ka Eyín

Láràárọ̀ ni èmi àti Ìbídùn àbúrò mi ń yanu fún ilẹ̀kùn iléèwé kí ó lè wo òjé, májèlé inú bátìrì, tó wà nínú eyín wa. Tirẹ̀ mọ́, torí ẹ̀yìn ìgbà tí a kó kúrò níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ni wọ́n bí i. Èmi ti fa èéfín ibẹ̀ fọ́dún mẹ́rin. Àgbà bíi tèmi wá ń jowú eyín ọmọdé!

Ilẹ̀kùn ṣí fún un.

"Àǹtí Ṣọlá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Wọlé lọ jàre, eléyín afínjú!"

"Ṣọlápé, mi ò ní ṣí fún ọ; gba ìta lọ sí kíláàsì ẹ̀yìn, ti àwọn tí òjé wà léyín wọn," ni ilẹ̀kùn wí. "Òjé máa ń jẹ́ kí ọ̀dọ́ tètè bínú."

Mo ta á nípàá.

"A ti rí i," ló fèsì.

Mo ké mọ́ ọn: "Ta lẹ máa tì mọ́ta láràárọ̀ tínú ò ní bí i?"