Ìgè Tó Ń Fi Imú Wá Gáàsì

Agbéraga ni Ìgè, ìkà sì ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìgbéraga ló pọ̀ jù nínú méjèèjì. Kàkà kó gbà pé òun ṣe àṣìṣe, kí ẹlòmíràn kú tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ja àti ọlọ́tí Atakpamé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ adùn omi tútù, òun ni olórí òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ yìnyín kan ní Agbonou. Ṣẹ́ẹ̀fù, ìyẹn ọ̀gá, ni wọ́n ń pè é.

Gáàsì amóníákì ló ń mú omi dì níbẹ̀. Inú páìpù ló ń gbà, ó sì burú. Bó bá jò, á jó ojú, á jó ọ̀fun; bó bá pọ̀, á pa èèyàn. Imú ni Ìgè fi ń wá ibi tó ti ń jò. Á na imú sí oríkèé páìpù kọ̀ọ̀kan bí ajá ọdẹ, á ní, "Ibí nìyí!" Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí. Òkìkí imú yìí kàn dé ìlú Notsé.

Ṣùgbọ́n gáàsì tí èèyàn ń fà símú lójoojúmọ́ kì í fi imú sílẹ̀ lásán. Lọ́jọ́ kan ẹ̀wà jóná mọ́ ìkòkò nílé, Ìgè sì jókòó tì í, ó ń ta eyín. Pauline ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé.

"Bàbá Yvette, gbogbo àdúgbò ló ń gbóòórùn ẹ̀wà yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì í ńkọ́?"

"Ṣé èmi ni mò ń se oúnjẹ ni?" Ó gbá ìkòkò dànù.

Ẹ̀rù bà á. Ó gbé ẹja gbígbẹ sí imú, ó gbé kẹrosíìnì sí i. Kò gbóòórùn nǹkan kan. Imú ti kú. Bó bá sì sọ ọ́, ta ni yóò tún máa yìn ín? Ó panu mọ́. Láti ìgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń fipá mú láti na imú sí páìpù. Ibi tí omi bá ti bọ́ lójú wọn ni yóò fi mọ ibi tó ń jò. Yóò dúró lókèèrè, yóò máa rẹ́rìn-ín: "Ẹ wo ọkùnrin tó ń sunkún bí opó!"

Étienne, ẹnjiníà tó wá láti Lomé, kó ìbòjú tó ń dí gáàsì wá fún wọn, ó sì mú ìwé pupa pẹlẹbẹ kan dání, èyí tí wọ́n fi ń dá gáàsì mọ̀.

"Ẹ fi omi rin ín, ẹ so ó mọ́ igi gígùn, ẹ nà án sí oríkèé páìpù. Bó bá di àwọ̀ aró, ó ń jò níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ wọ ìbòjú, ẹ má ṣe dá wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má fi imú wá gáàsì mọ́."

Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Ṣùgbọ́n bí Étienne ti yíjú báyìí, Ìgè ti ìbòjú mọ́ yàrá rẹ̀, ó sì fi ìwé náà wé obì. Ó ní ẹni tó bá béèrè ìbòjú, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjà Moretan, Isidore, tó ń bójú tó ẹ̀rọ, jáde wá, ó ń nu ojú.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, gáàsì ń jò. Ẹ jẹ́ ká pa ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ fún wa ní ìbòjú."

Ìgè wọlé, Isidore sì tẹ̀ lé e. Ìgè fa imú. Ojú ń ta òun náà, ó ní eruku ni.

"Kò sí nǹkan kan. Lọ na imú síbẹ̀."

"Mi ò lọ."

"Kí lo wí?"

"Mo níyàwó nílé, Ṣẹ́ẹ̀fù. Mi ò lọ."

Isidore tún jáde, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù sì tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó dán irú èyí wò rí. Inú Ìgè ru. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n ojú ayé ló ká a lára ju iná lọ. "Ẹ wá wo imú ọkùnrin!" Ó tẹ ojú mọ́ oríkèé páìpù, ó sì fi sípánà lù ú, kí wọ́n lè rí i pé ó le. Irin ibẹ̀ ti dógùn-ún. Oríkèé já, gáàsì tú sí i lójú.

Ó ké bí ẹran tí wọ́n ń dúńbú. Isidore pa ẹ̀rọ láti ìta, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè wọlé: ìbòjú wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò Ìgè. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń forí gbá ògiri kiri, tó ń wá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó rákò jáde níkẹyìn, wọ́n da omi lé e lórí, garawa lórí garawa. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Kò kú. Ikú ì bá sàn fún un. Ojú méjèèjì fọ́, ohùn rẹ̀ ò sì jáde dáadáa mọ́. Lọ́sàn-án, Pauline á gbé e jókòó síwájú ilé. Àwọn ọmọ àdúgbò á mú ẹja tó ti rà àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ wá, wọ́n á nà án sí i nímú.

"Ṣẹ́ẹ̀fù onímú, kí nìyí?"

Yóò fa imú, yóò wúkọ́, yóò ronú díẹ̀. "Ọsàn ni."

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Pauline ń gbọ́ wọn láti ìdí ààrò. Kì í lé wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ìgè kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ẹni tí ẹ̀yà ara rẹ̀ bá ti kú, kó sọ. Ẹni tó bá fi àléébù rẹ̀ pamọ́ nídìí iṣẹ́, ẹ̀mí ẹlòmíràn ló ń fi ṣeré. Ohun tó lè pani, irinṣẹ́ là ń fi wá a, kì í ṣe ara ẹni. Ẹ wọ ìbòjú, ẹ má dá wọlé, ẹ má sì ti ohun ààbò mọ́ ibi tí ọwọ́ ò ti ní tó o. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà, ẹ tètè kọ̀ bí Isidore ti kọ̀, torí ọ̀pọ̀ ojú ti ṣe omijé nílé-iṣẹ́ yẹn kó tó di pé ẹnì kan lanu.