Èyí-Náà-Dáa àti Ọkọ̀ Ìlú

Ohun tó ba ayé ọkùnrin kan jẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ọtí. Ojú rẹ̀ ni kò gbé ojú kan. Ọ̀gá àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni, létí odò ńlá kan, ọwọ́ rẹ̀ sì já fáfá. Bó bá fi òòlù lu ìṣó, ìṣó á wọlé bí ẹni tó ń lọ sílé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àbá tuntun bá ti yọjú, á mi orí, á ní, "Èyí náà dáa." Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Èyí-Náà-Dáa nìyẹn.

Lọ́dún kan, ọkọ̀ tó ń kó ará ìlú sọdá odò jẹrà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èèyàn lè fi ẹsẹ̀ la odò náà kọjá. Bí òjò bá dé, odò á kún, ọkọ̀ kékeré kankan kò sì ní dán an wò. Ọsibítù wà ní ìhà ìhín, níbi tí ilé iṣẹ́ ọ̀gá wà. Lódìkejì ni ìyá Èyí-Náà-Dáa àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé. Àwọn àgbà ìlú pe ọ̀gá, wọ́n ní, "Ọkọ̀ kan ṣoṣo la fẹ́, èyí tí omi ò ní wọ̀, kí òjò tó dé." Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ geere. Gbogbo ọwọ́ wà lára ọkọ̀ kan náà. Àfi ìgbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìkùukùu bo odò, tí ilẹ̀ àti omi di ọ̀kan náà lójú. Ọ̀gá fẹ̀yìn ti ọkọ̀, ó ń wo funfun yẹn bí ẹni tó ń lá àlá. Ó dà bíi pé ó rí ọkọ̀ náà tó ń jáde bọ̀ látinú ìkùukùu, orí ẹyẹ kan wà níwájú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ gùn, ó ń dán. "Èyí náà dáa," ló wí jẹ́jẹ́. Ó yọ àwọn tó mọṣẹ́ jù, ó ní kí wọ́n máa gbẹ́ orí ẹyẹ. Nígbà tó yá, ó tún ronú kan ìjókòó tó ní ìrọ̀rí, ó yọ àwọn mìíràn. Ẹnìkan wá fẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ìyàwó rẹ̀, ó gbà á. Kò pẹ́, bí èèyàn bá béèrè iṣẹ́ tó ṣe kókó níbẹ̀, oníkálukú á nàka sí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Baba Ìbejì, igbákejì rẹ̀, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ láti kékeré, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀rẹ́ mi, àlàfo ṣì wà láàárín àwọn pákó ọkọ̀ yẹn. A ò tíì fi òwú dí i, a ò tíì kun ọ̀dà dúdú. Ta ló wà nídìí ẹ̀?"

"A máa débẹ̀."

"Mi ò sọ pé orí ẹyẹ ò dáa. Àmọ́ a kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀."

"Ìwọ ni o ò mọ ohun tó rẹwà," ni ọ̀gá wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì padà sídìí ẹyẹ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá rẹ̀ fẹsẹ̀ la odò wá kí i. Ikọ́ ti ń yọ màmá lẹ́nu.

"Ọkọ mi, dókítà ní kí n máa wá gbabẹ́rẹ́. Bí òjò bá dé, ṣé ọkọ̀ á ti wà nílẹ̀?"

"Ẹ má fòyà, Màmá. Ẹ wá wo nǹkan."

Ó mú wọn dé ìdí orí ẹyẹ. Màmá fi ọwọ́ pa á lọ́rùn. "Ó rẹwà o. Ṣé ó mọ̀wẹ̀?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ti ọ̀gá ló pọ̀ jù. Màmá ká ìró wọn sókè, wọ́n gba inú omi padà lọ díẹ̀díẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn yí wọn ká, títí wọ́n fi dà bí òjìji lásán.

Òjò kò tíì rọ̀ nílùú tí odò fi kún. Òkè odò ló ti rọ̀. Ará ìlú jí, wọ́n bá omi pupa lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Lójú, ó dà bíi pé ó sùn; lábẹ́, ó ń wọ́ ìtì igi lọ. Ọ̀gá ní kí wọ́n sáré mú òwú wá, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wo ara wọn. Òwú ti tán sínú ìrọ̀rí ìjókòó.

Lójijì, ohùn àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ lórí omi, ó tínrín bí ohùn inú àlá. "Ẹ̀gbọ́n, Màmá ò lè mí dáadáa. Ẹ gbé ọkọ̀ wá."

"Mò ń bọ̀," ló dáhùn.

Baba Ìbejì dì í lọ́wọ́ mú. "Kò tíì ṣeé gbé sómi."

Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó ti ọkọ̀ sómi, ó bọ́ sínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà léfòó, ẹyẹ gbé ọrùn sókè, ó sì rẹwà lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni omi ń gba àlàfo àwọn pákó wọlé, jẹ́jẹ́, láìpariwo, ọkọ̀ náà sì rì bí ẹni tó rọra ń sùn lọ. Okùn ni wọ́n fi fa ọ̀gá jáde. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ló ń mú bọ̀.

Omi kò fà bọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ kú sí òdìkejì. Èyí-Náà-Dáa dúró létí odò, ó ń gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ lọ́hùn-ún, ó ń wo àwọn èèyàn tíntìntín tí wọ́n gbé pósí lọ sẹ́yìn ilé. Òun àkọ́bí kò lè bu iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà ìlú gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Baba Ìbejì, gbogbo ọmọ iṣẹ́ sì bá a lọ.

Nígbà tí omi fà, ó sọdá. Àbúrò rẹ̀ kò bá a jà. Ó gbé àga fún un.

"Kí ni Màmá sọ?"

"Mo sọ fún wọn pé ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n ní kí n ṣí fèrèsé, káwọn lè máa wo odò."

Ọkùnrin náà kò lè jókòó. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí èèyàn nídìí iṣẹ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Ohun tó ń ba iṣẹ́ ńlá jẹ́ kì í sábà jẹ́ ohun burúkú. Ohun dáradára tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tó ni. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ yín mọ iṣẹ́ tó ṣáájú, kí ó sì lè sọ ọ́ láìronú. Bí òmíràn bá dé, bó ti wù kó dùn tó, ẹ ní kó dúró dìgbà tirẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.