Làálì Ìyàwó Ọ̀la

Àdìjá da yọ́gọ́ọ̀tì sínú làálì, ó ń pò ó pọ̀ nínú abọ́ ike.

"Ṣé kì í ṣe oní-ṣúgà lo rà?" Rùkáyàt ò fẹ́ kí eèrà bá òun jókòó níbi yìgì lọ́la.

"Ìyàwó, fọkàn balẹ̀. Mo wá a títí ní Iyana-Iba kí n tó rí èyí tí kò ní ṣúgà. Á jẹ́ kí irun ẹ rọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kun orí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó tutù! Rùkáyàt bú sẹ́rìn-ín.

Àfi Taofeek, olórí ilé wọn, nìkan ni kò tíì fọwọ́ sí ìgbéyàwó yìí. Ó ní ojú ń ti òun ládùúgbò.

Ilẹ̀kùn ṣí. Taofeek ló wọlé.

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu.

Taofeek wo orí Rùkáyàt, ó mí kanlẹ̀. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ bọ abọ́.

"Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yín. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ẹ tẹrí ba, màámi, ewú ṣì kù nípàkọ́ yín.

"Àwọn ọmọ mi ní àwọn ló máa sin ìyá àgbà wọn lọ sílé ọkọ."