Eyín Jagun Tó Kán

Alámọ̀tán ni Bàrákàt. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Camberwell, òun ló sì máa ń fún wọn lóògùn láràárọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi iṣẹ́ yìí lé e lọ́wọ́ ni kò ti ka dókítà kankan sí mọ́. Tí o bá ní ẹ̀yìn ń dùn ọ́, kí o tó parí ọ̀rọ̀, á ti máa tú báàgì rẹ̀ wá oògùn.

Opó ni Àsúmáù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Peckham. Jagun, ológbò tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ, nìkan ló kù tí wọ́n jọ ń gbélé. Eyín Jagun kan wá kán, ẹran inú eyín náà yọ síta. Dókítà ẹranko ní kí wọ́n gbé e wá ní Tuesday, òun á fọ ihò eyín náà mọ́, òun á sì dí i pa. Àsúmáù ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Birmingham, ló bá fi ológbò lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Root canal fún ológbò?" Bàrákàt bú sẹ́rìn-ín. "Aunty mi, wọ́n kàn ń fi yín ṣeré ni jàre."

"Jọ̀ọ́, Bàrákàt, má cancel appointment yẹn. Má lọ ṣe tinú ẹ o."

"Ẹ fọkàn yín balẹ̀."

Nígbà tí Tuesday pé, ó pe dókítà pé àwọn ò wá mọ́. Ó lọ paracetamol kúnná, ó pò ó mọ́ ẹja sadíìnì, Jagun sì lá a tán. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú ológbò ti wú, èrìgì rẹ̀ ti di aláwọ̀ ilẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìtìjú ò jẹ́ kí Bàrákàt tètè gbé e lọ bá dókítà ẹranko; ilẹ̀ ti ṣú kó tó gbé e débẹ̀.

"Kí lẹ fún un?" ni dókítà bi í. Nígbà tó gbọ́, ó mirí. "Eyín yẹn ò lè pa á báyìí. Májèlé ni paracetamol fún ológbò."

Orí tábìlì dókítà ni Jagun kú sí. Fóònù Bàrákàt dún.

"Báwo ni Jagun mi?" Àsúmáù ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n ti bá a dí eyín náà?"

Bàrákàt jẹ́wọ́ ohun tó ṣe fún un. Láti ọjọ́ yẹn, Bàrákàt ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àsúmáù ń gbọ́, kì í ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, oògùn tó ń wo èèyàn sàn lè pa ẹran ọ̀sìn. Ohun tí a ò bá mọ̀, ẹ jẹ́ ká béèrè, ká sì ṣe ohun tí wọ́n bẹ̀ wá pé ká ṣe. Ìmọ̀tán Bàrákàt ló pa Jagun, òun náà ló sì gba ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.