Tí Ọ̀gá Kékeré Bá Ti Dìde

Ọ̀gá Kékeré ni àwọn ọmọ ogun ń pe ológbò náà, nítorí kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún un nínú yàrà, òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Ibi tó bá wù ú ló ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó yàn láàyò ni ọmọ ogun kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, torí pé àbúrò rẹ̀ wà nínú yàrà kan náà, bó sì ṣe ń pè é nìyẹn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Orí ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n ni ológbò máa ń ká jọ sí tí Ẹ̀gbọ́n bá ń ṣọ́ ọ̀tá, kì í sì í fẹ́ mira kí ó má baà jí i.

Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sójú ogun, ìyá ò sunkún. Ó fa Ẹ̀gbọ́n sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Ohun tí mo gbé lé ọ lọ́wọ́ yìí, òun ni màá bi ọ́ léèrè." Láti ọjọ́ náà, ọkàn Ẹ̀gbọ́n kò balẹ̀ mọ́.

Àgbá ọ̀tá ló ń pa wọ́n. Orí òkè kékeré kan lẹ́yìn yàrà ọ̀tá ni wọ́n gbé e sí, tó bá sì dún, ẹni tí kò bá tíì wọ ihò abẹ́ ilẹ̀, àfi kí wọ́n ṣa á jọ. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò dún, àyàfi ológbò. Yóò kàn na etí sókè, yóò dìde, yóò fò gun orí àpò iyanrìn, yóò gba abẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún, yóò sì wọ inú koríko tó wà láàárín wọn àti ọ̀tá. Kò ní pẹ́ rárá tí ilẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nítorí náà, tí Ọ̀gá Kékeré bá ti dìde, gbogbo wọn á bẹ́ sínú ihò. Ẹni tó ń dáná fún wọn sọ pé ẹranko ń gbọ́ ohun tí etí èèyàn ò gbọ́, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Tí àgbá bá ti dákẹ́, ológbò á padà wá, á máa lá ẹnu. Ẹja ni ẹnu rẹ̀ máa ń rùn. Bisikíìtì líle àti ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ nínú yàrà, ẹja ò dé ibẹ̀ rí. Àbúrò a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ológbò, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, ti ní àlè o, ó sì jọ pé àlè náà lówó lọ́wọ́.

Ọ̀gá àwọn ọmọ ogun kò fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé ológbò. Òun ti rí nǹkan mìíràn. Ó pe Ẹ̀gbọ́n, torí pé ìbọn rẹ̀ kì í tàsé, ó fi òkè náà hàn án. Ó ní kí àgbá tó dún, nǹkan kan máa ń kọ mànà níbẹ̀, bíi gíláàsì tí oòrùn bọ́ sí. Ó ní awò tí wọ́n fi ń wo òkèèrè ni, awò ẹni tó ń wo ibi tí wọ́n wà, tó ń júwe wọn fún àwọn tó ń yin àgbá.

"Tí o bá lè bá mi pa ẹni yẹn," ọ̀gá wí, "wọn ò ní rí wa mọ́. Àbúrò rẹ á padà sílé."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló wọ Ẹ̀gbọ́n lára.

Ó dùbúlẹ̀ sórí àpò iyanrìn, ó ti ẹnu ìbọn bọ àárín àpò méjì. Ológbò ká jọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Oòrùn ti ń ga nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ lójijì. Ológbò ti na etí. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ó wọ inú koríko. Àwọn yòókù ti ń sáré wọ ihò, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ò kúrò. Ó rí i: nǹkan náà kọ mànà lórí òkè, ọwọ́ kan sì ń lọ sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń júwe. Ó yìnbọn. Ọwọ́ náà wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà kú.

Àgbá ò dún. Ológbò kò dé ibi tó ń lọ. Ó dúró láàárín koríko, ó ń wo iwájú, ó ń wo ẹ̀yìn, nígbà tó yá, ó padà sínú yàrà. Kò fẹnu kan bisikíìtì tí Ẹ̀gbọ́n rẹ sínú omi fún un. Ta ló ráyè ológbò lọ́jọ́ náà? Wọ́n ń gbá Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn, ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àbúrò rẹ̀ ń rìn kiri bí ẹni pé òun ló yìnbọn.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn mú. Kò sí ohun tó kọ mànà lórí òkè. Ológbò ń sùn lórí ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n. Àbúrò, tí iná aṣọ ti fẹ́ jẹ tán, ní òun fẹ́ lọ wẹ̀ níbi adágún omi tó wà lẹ́yìn yàrà wọn. Ó gbé aṣọ ìnura kọ́ ọrùn, ó dúró, ó ń retí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa sọ.

Ẹ̀gbọ́n wo òkè. Ó wo ológbò. Ó wò ó dáadáa.

"Ọ̀gá Kékeré ò tíì dìde," ó ní. "Máa lọ. Má pẹ́ o."

Ó ṣì ń gbọ́ bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń súfèé nínú omi nígbà tí àgbá dún. Inú omi náà gan-an ni ọta rẹ̀ já sí. Ológbò ta gìrì jí, ó ha Ẹ̀gbọ́n lẹ́sẹ̀, ó sá wọ abẹ́ àpò, ẹ̀rù bà á bíi ti gbogbo wọn. Bàtà àbúrò rẹ̀ nìkan ni Ẹ̀gbọ́n rí gbé.

Nígbà tó yá, ọ̀tá sá fi òkè sílẹ̀, wọ́n sì ní kí Ẹ̀gbọ́n àti àwọn yòókù lọ gbà á. Ológbò ló ṣíwájú, ó ń lọ tààrà bí ẹni tó ń lọ sílé. Àgbá náà ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti gbẹ́ ihò kékeré kan sínú ilẹ̀, ó tẹ́ àpò sí i, irun ológbò sì kún orí àpò náà. Sàréè tuntun kan wà nítòsí. Àwọn tó sin òkú náà kò gbé awò lé e. Agolo ẹja kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ káàkiri ni wọ́n gbé lé e, àti ṣíbí kan.

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ṣíbí náà, ó fi lu agolo lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Irin náà kọ mànà nínú oòrùn, Ọ̀gá Kékeré sì na etí sókè, ó dìde, ó sáré wọ inú ihò kékeré náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe kí àgbá tó dún.