Ìbíkúnlé Oní Gẹdú àti Ẹranko Orí Àràbà

Bí wọ́n bá ń ta ojúkòkòrò lọ́jà, Ìbíkúnlé kò ní rà á, nítorí èyí tó ní nílé ti pọ̀ jù. Oní gẹdú ni, ní abúlé kan láàárín Irele àti Ìpaò. Kò sí igi ńlá tó rí tí kò kọ́kọ́ fi ojú gé. Bí ojúkòkòrò rẹ̀ bá sì fẹ́ nǹkan, irọ́ ló máa ń fi là á lọ́nà.

Igbó kan wà lẹ́yìn abúlé náà tí àwọn baba ńlá wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé. Àràbà, ọ̀gànwó àti àpá ibẹ̀ ga débi pé fìlà á jábọ́ lórí ẹni tó bá fẹ́ wo ṣóńṣó wọn. Ọkàn Ìbíkúnlé kò kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oko kòkó Ìyá Yẹ́misí, opó kan, ló dí ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà wọlé. Ó bẹ màmá títí kó ta oko náà.

"Ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi rèé," ni màmá wí. "Mi éè tà á o."

Inú igbó yẹn ni ẹranko kékeré kan ń gbé, olójú rogodo, tó máa ń ké bí ọmọ ọwọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Ìyá Yẹ́misí ń ká kòkó, ọ̀kan fò bọ́ sí èjìká rẹ̀, ó sì tún fò lọ. Ìbíkúnlé rí i. Ó sáré dé ilé Baálẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Ẹ gbà wá o! Ẹgbére ti fọwọ́ kan Ìyá Yẹ́misí! Ẹni tí ẹgbére bá fọwọ́ kàn kò gbọdọ̀ gbé àárín wa mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹkún á wọ gbogbo ulé!"

Ẹ̀rù ba àwọn ará abúlé, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ di òfin. Màmá di ẹrù rẹ̀ tẹkúntẹkún, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́. Ìbíkúnlé ní òun nìkan lòun mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ irú oko bẹ́ẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá gbé oko náà lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí wá ń yan bí àkùkọ, wọ́n ń kí i ní olùgbàlà abúlé. Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Oko nìkan kò tó o. Ó ní kí Baálẹ̀ yọ̀ǹda igbó náà gan-an kí òun gé e lulẹ̀, kí ẹgbére má baà ríbi gbé mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n péjọ lórí ọ̀rọ̀ náà, ó gbé kéèjì kan wá, àgò onírin tó fi dẹ pàkúté sínú igbó lóru. Ẹranko náà wà nínú rẹ̀, ó ká etí rẹ̀ kò, oorun ń kùn ún. Ìyá Yẹ́misí dúró sí ojú títì lókèèrè, nítorí òfin kò jẹ́ kó wọlé. Yẹ́misí ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ni nípa ẹranko ní yunifásítì, ló wọ àárín àwùjọ.

"Ẹ wò ó!" ni Ìbíkúnlé ń pariwo. "Ìtọ̀ ara rẹ̀ ló fi ń fọ ọwọ́! Èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju ìyókù lọ! Ahọ́n méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀! Irú ẹranko wo nìyẹn?"

Yẹ́misí kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. "Baálẹ̀, ohun tó rí kì í ṣe irọ́, ìtumọ̀ tó fún un ni irọ́. Galágò ni wọ́n ń pè é. Ó ń fi ìtọ̀ ra ọwọ́ kí ẹ̀ka igi má baà yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, bí àgbẹ̀ ṣe ń tutọ́ sọ́wọ́ kó tó gbá ọkọ́ mú. Èékánná gígùn yẹn ló fi ń họ ara. Eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló fi ń ya irun bí òòyà, ahọ́n kejì sì ni orín tó fi ń fọ eyín náà. Ó ní ìbátan ní erékùṣù Madagásíkà tí wọ́n ń pè ní lémọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ìka tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìka ọ̀hún ló fi ń kan igi lára kó lè gbọ́ ibi tí ìdin sá pamọ́ sí. Àwọn kan ní àmì ikú ni, wọ́n ń pa á. Ó ti ń tán lọ níbẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí tiwa náà tán ni?"

Àwọn ọmọdé ti ń sún mọ́ kéèjì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìbíkúnlé rí i pé igbó fẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n fa ahọ́n ọ̀hún yọ fún yín!" ló wí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn kéèjì.

Galágò fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé e lórí. Ó tọ̀ sọ́wọ́ kó lè rí fìlà dì mú dáadáa, ìtọ̀ náà sì ṣàn dé irùngbọ̀n Ìbíkúnlé. Òfin tó fẹnu ara rẹ̀ ṣe ni ọkùnrin náà ń gbọ́ létí. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn.

Ìyá Yẹ́misí ló sọ̀rọ̀ láti ojú títì. "Ìbíkúnlé, ó ti fọwọ́ kàn ọ́. Ṣé ẹgbére ni àbí ẹranko? Bó bá jẹ́ ẹgbére, máa bọ̀ níbí wá bá mi. Bó bá jẹ́ ẹranko, gbé oko mi fún mi."

Ìbíkúnlé wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni gbà á. Òógùn bò ó.

"Ẹranko ni," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹranko lásán ni."

Hàà, ariwo ayọ̀ ọjọ́ náà kò kéré! Galágò fò láti orí fìlà sórí òrùlé, láti òrùlé sórí igi, ó wọ igbó rẹ̀ lọ. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ rìn dé ojú títì, ó di màmá lọ́wọ́ mú wọlé, ó ní, "Ìyá, a ṣẹ̀ yín. Ẹ dárí jì wá." Oko kòkó padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Wọ́n gba ayùn Ìbíkúnlé, wọ́n sì ní kó máa ro oko màmá títí òjò ọdún náà yóò fi dá. Láti Irele dé Ìkọ̀lé, kò sẹ́ni tó tún ta igi kan fún un. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá ń kọjá lọ wo galágò, wọ́n á kí i lóko pé, "Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá Ẹgbére!" Á tẹrí mọ́lẹ̀, á máa roko lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìtàn yìí kọ́ wa pé ká má ṣe máa fi irọ́ gba ohun tí kì í ṣe tiwa, nítorí òpùrọ́ kì í mọ ọjọ́ tí irọ́ rẹ̀ máa yí padà mú un. Ó sì tún kọ́ wa pé bí ẹranko kan bá ṣe ohun tó yà wá lẹ́nu, ká béèrè ìdí rẹ̀ ká tó gbé igi sí i. Ẹlẹ́dàá tó fún un ní ahọ́n méjì mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká dá igbó sí, ká dá ẹ̀mí inú rẹ̀ sí, kí àwọn ọmọ tiyín náà lè bá a láàyè.